Kànga Tíṣà Olúbọ̀dé

Bí Tíṣà Olúbọ̀dé bá ní òun yóò ṣe nǹkan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ní Owódé mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ náà kò tíì sí nínú kàlẹ́ńdà. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ríronú nípa iṣẹ́ ló dùn mọ́ ọn ju bíbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ọdún mẹ́ta ló fi ń ṣèlérí kànga fún Wùnmí, ìyàwó rẹ̀, kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ omi odò pípọn. Bàbá Jùbrílù tó ń gbẹ́ kànga a máa yà wò ó ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, Tíṣà a ní kí ó fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, títí òjò yóò fi dé. Lọ́dún 1984, ó kúkú wá àwọn ẹlòmíràn gbẹ́ ẹ nínú òjò oṣù keje. Ẹsẹ̀ bàtà méjìlá péré, omi ti ru. Ó pe gbogbo àdúgbò wá wò ó. Nígbà tí Kérésìmesì fi máa kù díẹ̀, adìẹ kan já sínú kànga náà, ó ń ṣa kòkòrò jẹ kiri níbẹ̀.

Wùnmí, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án, wo adìẹ, ó wo ọkọ rẹ̀. Ó ní òun ń lọ bímọ nílé ìyá òun l'Áké, níbi tí ẹ̀rọ omi wà.

"Ìparí oṣù kejì ni n ó padà," ó ní. "Bí mo bá bá omi nínú kànga gidi, mo dé nìyẹn. Bí n kò bá bá a, èmi àti ọmọ yín wà l'Áké."

Kò pariwo. Ohun tó ba Tíṣà lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Ó sáré lọ bẹ Bàbá Jùbrílù. Bàbá ní omi òjò ló tan án jẹ. Ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ jù là ń gbẹ́ kànga, nítorí omi tí a bá bá nígbà náà kò ní sá lọ. Oṣù kejì nìyẹn. Ọkàn Tíṣà balẹ̀: àyè ṣì wà.

"Mú ṣọ́ọ̀kì rẹ, Tíṣà," Bàbá ní. "Ẹ̀yìn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n lọ sílé Tíṣà, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri. Wùnmí dé, ìparí oṣù kejì. Kí ó tó dé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún gbígbẹ́. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ níbẹ̀ máa ń ya, nítorí náà ríìngì sìmẹ́ǹtì mẹ́fà tí yóò gbà á dúró gbọ́dọ̀ ti le dáadáa ṣáájú. Móòdù kan ṣoṣo ló wà láti fi dà wọ́n. Ọjọ́ méjì ni ríìngì kọ̀ọ̀kan ń lò nínú rẹ̀, yóò sì wà lábẹ́ àpò tútù fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó má baà sán. Kí wọ́n tó dà wọ́n, yanrìn. Onílọ́rì yanrìn sì ń lọ ṣọdún lọ́la, ó di ìdajì oṣù kìíní kí ó tó padà.

Tíṣà ka ìlà náà padà. "Iṣẹ́ àkọ́kọ́ bọ́ sí òní."

"Òní ni. Ó sì ti ń fọ lọ́rì rẹ̀."

Tíṣà kò dúró wọ bàtà. Yanrìn dé lọ́jọ́ náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ríìngì.

Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ wọ́n omi sórí àwọn àpò. Odò ni omi wà. Sàfúrátù aládùúgbò pàdé Tíṣà lọ́nà, tó ru korobá, tí ẹ̀wù rẹ̀ tutù dé ìdí. "Ìyàwó Tíṣà," ó ní, "ẹ kú omi pípọn o." Ọrùn ń dun Tíṣà bó ṣe ń gun òkè odò bọ̀. Ó ń ka iye ìgbà tí Wùnmí ti gun òkè yẹn láàárín ọdún mẹ́ta.

Ó pa àárọ̀ kan ṣoṣo jẹ. Ọyẹ́ fẹ́, ríìngì kejì sán, wọ́n sì tún un dà. Nítorí náà, nígbà tí Mọ́ṣúdù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kí wọ́n jọ lọ wo alùpùpù kan ní Kọ́bapẹ́, Tíṣà ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè kí ó tó rí i pé àwọn àpò ti ń gbẹ, wọ́n ti ń funfun. Ó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ó fẹ́ ní "lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀", ó gbé e mì, ó wo ògiri.

"Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta," ó ní. "Aago mẹ́wàá."

Mọ́ṣúdù bi í bóyá ara rẹ̀ yá.

Nígbà tí Bàbá Jùbrílù gbẹ́ kànga náà, ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti bá omi. Ní ìparí oṣù kejì, Wùnmí dé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Kò jókòó. Ó ju doro sísàlẹ̀, ó dúró títí ó fi gbọ́ tó já sómi, ó fà á, ó mu. Lẹ́yìn náà ó ka ògiri. Wọ́n ti fa ìlà lé gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀, àfi mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀: *Oṣù kẹjọ, ọmọ ń rákòrò. Oṣù keje, ìdérí kànga. Oṣù karùn-ún, rí káfíńtà.*

"Oṣù karùn-ún ṣì jìnnà," ó ní.

"Mo ti rí i lánàá."

Wùnmí tú ọ̀já, ó gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n máa kó ẹrù òun wọlé.