Obìnrin Inú Ilẹ̀

Onígọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ti ń ṣiṣẹ́, torí òun ni í lẹ àpáàdì ìkòkò àtijọ́ pọ̀ títí yóò fi di odidi. Ó ti lẹ ìkòkò Gíríìkì kan tán, tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún, ṣùgbọ́n àwòrán ara rẹ̀ kò yé e. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ìbàdí sókè nìkan ló hàn, ìyókù wà nínú ilẹ̀. Ọmọ jòjòló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin kejì, tó wọ aṣọ ogun, na ọwọ́ sí ọmọ náà. Ọ̀gá ti kọ ọ́ sí káàdì pé: “Jagunjagun ń já ọmọ gbà lọ́wọ́ ìyá tí ilẹ̀ ń gbé mì.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá ọkọ rẹ̀ yà kí i. Agbẹ̀bí ni màmá kó tó fẹ̀yìn tì. Ilé ìwòsàn ojú ló ti ń bọ̀. Jígí tuntun wà lójú rẹ̀, kò sì sóhun tí kò fi wò. Ó ka káàdì náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ wo ìkòkò náà dáadáa.

“Ìyàwó mi, ta ló ń já ọmọ gbà níbí?”

“Jagunjagun yìí ni, Màmá.”

“Rárá o. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, àyà ni yóò gbá a mọ́. Èyí ń gbé e fún un ni. Aṣọ tí ìkejì tẹ́ sọ́wọ́ ńkọ́? Ta ní ń tẹ́ aṣọ kó tó jí ọmọ gbé? Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ìjà ni ẹ máa ń rí ṣáá!”

Onígọ́ọ̀mù rẹ́rìn-ín, ó mú awò tí í sọ nǹkan kékeré di ńlá. Lóòótọ́, ohun tó wà lọ́wọ́ jagunjagun náà, tí òun ti rò pé etí asà ni, ìṣẹ́po aṣọ ni. Ó kó ìwé àwòrán jáde, àwọn méjèèjì sì ń ṣí i títí wọ́n fi rí irú àwòrán náà lára ìkòkò mìíràn, pẹ̀lú àlàyé. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni obìnrin yẹn. Kò rì, ńṣe ló ń yọ bọ̀, láti gbé ọmọ tó bí fún ẹni tó wọ aṣọ ogun, òrìṣà àwọn Gíríìkì tó ń jẹ́ Atẹ́nà, kó bá a tọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá wo ìwé náà títí, ó họrí, ó sì fa káàdì rẹ̀ ya.

Nígbà tí Onígọ́ọ̀mù ròyìn nílé, màmá kò tilẹ̀ yọ̀.

“Ilẹ̀ tó bímọ yìí,” ó béèrè, “ta ló gbẹ̀bí rẹ̀?”

“Ìwé kò sọ, Màmá.”

“Tún un wò. Ẹnì kan ní láti wà níbẹ̀.”