Ọwọ́ Tó Wẹ Ìyá Wọn

"Fi ọwọ́ lé Àlùkùránì yìí, kí o búra pé o ò mọ̀ wọ́n rí. Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn."

Mùlíkátù, olórí àwọn obìnrin tó ń wẹ òkú fún mọ́ṣáláṣí náà, ló sọ bẹ́ẹ̀. Ogún ọdún ni ó ti ń pe Hàbíbàt ní "Ẹ̀gbọ́n mi", tí kì í bá a sọ̀rọ̀ láìkúnlẹ̀. Ní òwúrọ̀ yìí, ó ń bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ wí. Àwọn obìnrin mẹ́rin yòókù jókòó sórí ẹní nínú yàrá ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ní Ẹ̀pẹ́. Kò sí èyí tó wojú rẹ̀ nínú wọn.

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni Hàbíbàt. Fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kò sí ilé Mùsùlùmí ní àdúgbò náà tí obìnrin kú sí tí wọn kò ránṣẹ́ pè é wá wẹ òkú.

"Àwọn wo ni mo mọ̀?" ó béèrè.

Mùlíkátù na fóònù sí i. Nínú àwòrán náà, àwọn arúgbó bíi mẹ́wàá, lọ́kùnrin lóbìnrin, jókòó yí tábìlì oúnjẹ ká. Hàbíbàt wà lára wọn, ó ká apá aṣọ sókè, nọ́ọ̀sì kan sì ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Oríyọmí, ìyá arúgbó tó kú ní ìdájí òní ní Ìbéṣè, lẹ́bàá Ìkòròdú, ló jókòó tì í, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Anwar, àbúrò Oríyọmí, ló bá a nínú fóònù òkú. Ó ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn: ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin. Ẹ̀yin arúgbó! Ẹsẹ̀ yín ti wà létí sàréè, ẹ ò sì tíì ronúpìwàdà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lórí ẹní.

Anwar kò purọ́. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Baseerah àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì a máa kó irú àwọn àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ jọ sí ilé kan ní Ìbéṣè. Wọn á wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, wọn á se oúnjẹ fún wọn, wọn á sì béèrè ta ni òògùn rẹ̀ ti tán àti ta ni ọmọ rẹ̀ ti lé jáde. Ilé náà kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà, nítorí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ni òfin là sílẹ̀ fún irú àpéjọ bẹ́ẹ̀. Ó ti pé ọdún méjì tí Hàbíbàt ti ń lọ. Ó máa ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé òun ń lọ rí dókítà, èyí tí kò sì jìnnà púpọ̀ sí òtítọ́.

"Anwar ní àwọn ò gba òkú náà," Mùlíkátù ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ó ní ibi tó kú sí ni kó jẹrà sí. Ó bẹ̀ wá pé kí ẹnikẹ́ni nínú wa má wẹ̀ ẹ́, a sì ti gbà. Ó ku ìwọ. Búra pé o ò mọ̀ wọ́n, o ò sì ní í lọ."

"Bí mi ò bá búra ńkọ́?"

"O kúrò láàárín wa nìyẹn. Lọ́jọ́ tó bá sì kàn ọ́, gbogbo wa á níṣẹ́ lọ́wọ́."

Hàbíbàt gbọ́ ọ yé. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò bímọ. Àwọn márùn-ún yìí ló fọkàn sí pé wọn yóò wẹ òun, tí wọn yóò sì di òun sínú aṣọ funfun kí oòrùn tó wọ̀. Kò ní ẹlòmíràn.

"Ẹ jẹ́ ká rò ó bí àgbà," ó wí. "Bí ọwọ́ mi bá jẹ́ aláìmọ́, kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Mùlíkátù, èmi ni mo wẹ ìyá rẹ. Ìyá Rídwàn, èmi ni mo wẹ tìrẹ náà. Ẹ mú ọ̀kan nínú méjì: bóyá ìwẹ̀ wọn pé, tí ẹ ò sì lẹ́jọ́ kankan tí ẹ lè bá mi rò, tàbí kò pé, kí ẹ lọ hú wọn."

Fún ìgbà díẹ̀, Hàbíbàt rò pé ọ̀rọ̀ náà ti mú wọn. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Rídwàn bú sẹ́kún. "Ìyá mi o! Ojú wo lo fi wò wọ́n?"

Mùlíkátù kò sunkún ní tirẹ̀. "A ti bi Àlùfáà kí o tó dé. Ó ní ìwẹ̀ wọn dúró, nítorí àníyàn rere tó wà lọ́kàn àwa tí a wà níbẹ̀. Kànìnkànìn lásán ni ọ́. Ta ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ kànìnkànìn?" Ó sún mọ́ ọn. "Tíṣà Ṣìmí ńkọ́? Ọdún kọkànlá rèé. Èmi ni mo ń bu omi lọ́jọ́ tí o wẹ òkú rẹ̀. O ń ra irun rẹ̀ títí omi fi tán. Iṣẹ́ ni mo rò pé o ń ṣe. Àṣé àlè rẹ lò ń dágbére fún lójú mi!"

Nínú gbogbo ohun tí Hàbíbàt ní láyé, ọjọ́ yẹn nìkan ni ó gbà pé ẹnikẹ́ni kò rí.

Fóònù rẹ̀ dún. Ohùn Baseerah ròkè débi pé gbogbo yàrá gbọ́ ọ: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, oòrùn ti ń mú. Mọ́ṣáláṣí mẹ́ta la ti dé ní Ìkòròdú. Anwar ti pè wọ́n ṣáájú wa. Kò sóbìnrin tó fẹ́ wẹ Màmá Oríyọmí."

Kì í ṣe pé Hàbíbàt fẹ́ràn Oríyọmí. Ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni. Lóṣù tó kọjá, ó pe Hàbíbàt ní àgbàyà níwájú gbogbo ènìyàn nítorí orí ẹja kan.

"Dá a lóhùn," Mùlíkátù wí, ó sì ti Àlùkùránì sún mọ́ ọn.

"Ẹ gbé omi kaná," Hàbíbàt sọ sínú fóònù. "Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni o, kó má gbóná. Mò ń bọ̀."

Ó dìde. Lẹ́nu ọ̀nà, ó sálámà sí wọn. Àwọn márààrún dákẹ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ pé dandan ni kí Mùsùlùmí dáhùn sálámà.

Ó ra aṣọ funfun àti òwú, ó wọ ọkọ̀ gba Ìtóìkín dé Ìkòròdú, ó sì gun ọ̀kadà láti ibùdókọ̀ Ágíríìkì wọ Ìbéṣè. Àwọn bàbá arúgbó mẹ́ta jókòó sí pálọ̀, wọ́n ti ṣe àlùwàlá, wọ́n ń dúró de òkú tí wọn yóò kírun sí lára. Nínú yàrá, Baseerah dúró jìnnà sí òkú.

"Màmá, mo lè gún abẹ́rẹ́. Mo lè ran ojú ọgbẹ́. Òkú ni mi ò lè fọwọ́ kàn."

"Bu omi nìkan."

Baseerah ń bu omi, ó kọjú sí ògiri. Hàbíbàt fi aṣọ bo òkú láti ìdodo dé orúnkún, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Nígbà tí ìwẹ̀ àkọ́kọ́ parí, ó jókòó sẹ́yìn lórí àpótí, ó ń mí gúlegúle.

"Ta ló mọ èyí ṣe nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kó wa jọ?"

"Kò sí, Màmá."

"Yíjú padà."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ . . ."

"Mo ní kí o yíjú padà."

Baseerah yíjú padà. Hàbíbàt bẹ̀rẹ̀ ìwẹ̀ kejì, ó ń ṣe é díẹ̀díẹ̀ débi pé omi ń tutù nínú ike, ó sì ń fi ẹnu sọ gbogbo ibi tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ dé lábẹ́ aṣọ láìjẹ́ pé ojú dé ibẹ̀. Nígbà tó kan ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó gba abọ́ omi lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, ó sì dìde kúrò lórí àpótí fún un.