Ọ̀rọ̀ Ẹ̀yìn Tí Wọ́n Sọ Lójú Mi

Ọ̀gá àwọn aránṣọ ni mí ní ilé iṣẹ́ ńlá kan. Bí mo bá wọlé, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu, mo sì máa ń pe ìyẹn ní ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kan ṣoṣo wá kí mi lọ́jọ́ kan, ó lọ, kò sì padà wá mọ́. A ò jà o. Èmi nìkan ni mo ń jẹun nílé, mo sì ń bi ara mi pé kí ni mo ṣe.

Àsìkò yẹn ni àwọn olùkọ́ kan kó àwa ọ̀gá jọ láti oríṣiríṣi ilé iṣẹ́, wọ́n ní a ó kọ́ bí ènìyàn ṣe ń bá ènìyàn ṣiṣẹ́. Kò sí ìwé, kò sí alága. A kàn jókòó yípo, à ń sọ̀rọ̀, àwọn olùkọ́ fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n ń ṣọ́ wa bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Mo ní iṣẹ́ ọ̀lẹ gbáà lèyí.

Nírọ̀lẹ́, àwọn olùkọ́ náà máa ń ti ara wọn mọ́lé láti sọ ohun tí wọ́n rí. Mo ń kọjá lọ́jọ́ kan ni mo gbọ́ pé èmi ni wọ́n ń sọ. Ta ló máa gbọ́ bẹ́ẹ̀ tí kò ní dúró? Mo ṣílẹ̀kùn, mo fa àga, mo jókòó.

“Ẹ máa bá a lọ,” mo ní. “Ṣebí èmi náà lẹ kúkú ń sọ.”

Gbogbo wọn tẹ̀rí ba. Àgbà inú wọn ló lanu.

“Màmá, ẹ kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀—”

“Irọ́ ni! Èmi tí mo máa ń—”

“Ẹ ò wá rí i báyìí?”

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ó pa èmi náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí ní akínyẹmí ara.

Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò ti ilẹ̀kùn mọ́. Ẹni tí wọ́n bá ń sọ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kó gbọ́ ọ. Wọ́n ní irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ti di ẹ̀kọ́ ńlá báyìí, àwọn kan tilẹ̀ ń fi gboyè. Ó dáa fún wọn.

Èmi pe ọmọ mi lórí fóònù, mo bi í pé báwo ni mo ṣe rí sí i.

Ó ní, “Màmá, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n sọ ọ́ tán?”

“Sọ ọ́, ọmọ mi.”

“Ọjọ́ tí mo wá yẹn, oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ lára mi ni. Kí n tó jókòó, ẹ ti ń bá mi wí pé aṣọ tí mo wọ̀ ò bójú mu. Mo mu omi, mo bá tèmi lọ.”

Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó lóyún. Ẹ̀bẹ̀ ti kún ẹnu mi. Mo fọwọ́ bo ẹnu, nítorí ọmọ náà kò tíì sọ tán.