Télọ̀ Dé Ẹnu Ọ̀nà

Àwọn èèyàn kan wà tó jẹ́ pé bí ọkàn ẹni bá dàrú, ohun tí wọ́n máa sọ ò ju, "Lọ wá ẹni bá sọ̀rọ̀." Wọ́n á sọ ọ́ tán, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ìyá Asinni ò gba tiwọn rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ní ilé ìlera àdúgbò ni láti mú ẹni tí ìbànújẹ́ wọ̀ lára lọ bá àwọn tó lè ràn án lọ́wọ́, kì í sì í júwe ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni. Sísìn ló máa ń sìn wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyàwó télọ̀ wá bá a, ó jókòó sí etí àga bí ẹni tó fẹ́ sá lọ. Àbúrò ọkọ rẹ̀, tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jọ ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, ti kú. Láti ìgbà náà, ọkọ rẹ̀ ò rí oorun sùn. Á ṣí ṣọ́ọ̀bù, á jókòó ti ẹ̀rọ tirẹ̀, á máa wo ẹ̀rọ àbúrò rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Aṣọ àwọn oníbàárà sì ti ga dé ojú fèrèsé.

"Ṣé ó gbà láti wá?" ni Ìyá Asinni bi í.

"Ó gbà, mà. Àmọ́ ó ní bí ojúlùmọ̀ kan ṣoṣo bá rí òun níbẹ̀, ilé lòun ń padà sí nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má sì dárúkọ ibẹ̀ fún òun mọ́ láyé."

Ìyá Asinni ní ìyẹn ò le. Ẹgbẹ́ àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wà nítòsí, wọ́n máa ń jókòó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀sì tó mọ̀ nípa ọgbẹ́ ọkàn. Ó fo ìyẹn, ó mú irú rẹ̀ tó wà ní òdìkejì ìlú. Ọgbọ́n náà dùn mọ́ ọn débi pé orin ló ń kọ lọ sílé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, télọ̀ fa fìlà bojú nínú bọ́ọ̀sì bí ẹni tó jí adìyẹ gbé.

"Mi ò ya wèrè o, mà," ló ní.

"Ta ló pè yín ní wèrè, Bọ̀dá Télọ̀? Bí eyín bá ń dùn yín, ṣé ẹ ò ní lọ bá dókítà eyín? Ọkàn náà máa ń dunni."

"Eyín ṣeé yọ, mà."

Ìyá Asinni rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Télọ̀ ò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó gbé fìlà sókè díẹ̀.

Wọ́n dé yàrá ńlá kan, àga tò yípo, fúláàsì tíì wà lórí tábìlì, àwọn èèyàn sì ń tàkúrọ̀sọ. Télọ̀ gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Ló bá dúró gbagidi. Lórí àga tó kọjú sí ilẹ̀kùn, ta ló jókòó? Ọ̀gá ilé ìwé òpópónà tirẹ̀ gan-an, obìnrin tó jẹ́ pé bó bá wúkọ́, àwọn ọmọdé á dákẹ́ rọ́rọ́. Kóòtù rẹ̀ sì wà nínú òkìtì aṣọ ṣọ́ọ̀bù.

Obìnrin náà fò dìde. Télọ̀ rò pé ó tọpa òun wá síbẹ̀ nítorí kóòtù ni.

"Màdáàmù, ẹ má bínú!" ló pariwo. "Ó ku bọ́tìnnì nìkan! Ó di ọjọ́ Ẹtì!"

"Ta ló sọ fún ọ pé mo wà níbí?" ni Màdáàmù dá a lóhùn, ojú ti pọ́n. "Mo la gbogbo ìlú kọjá kí ará àdúgbò má baà rí mi!"

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń bu tíì ló là wọ́n.

"Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni ọmọ àdúgbò yìí. Àwọn aládùúgbò mi yòókù, ọ̀dọ̀ tiyín lọ́hùn-ún ni wọ́n ń sá lọ."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Asinni ò lè rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ ló dá gbogbo èyí sílẹ̀, àdéhùn télọ̀ sì ti bà jẹ́. Ẹsẹ̀ télọ̀ kan ṣì wà níta, ọwọ́ rẹ̀ di ilẹ̀kùn mú. Bó bá padà lónìí, ó parí. Ọwọ́ ń yún Ìyá Asinni láti fà á wọlé, àmọ́ ó mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá fi tipátipá mú jókòó kì í sọ̀rọ̀. Ó so ọwọ́ kọ́ ẹ̀yìn.

Màdáàmù wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, ilé ìtọ̀ ilé ìwé ni mo ti máa ń sunkún. Màá bọ́jú, màá jáde, màá lọ jágbe mọ́ àwọn ọmọ yín. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbí ni mo tó ń sùn."

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Télọ̀ ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Ó ṣí fìlà.

"Màdáàmù, irọ́ ni mo pa. Kò ku bọ́tìnnì. A ò tíì gé aṣọ yín rárá. Àbúrò mi ló máa ń gé aṣọ, èmi ni mo máa ń rán an. Bí mo bá ti mú sísọ́ọ̀sì rẹ̀, màá kàn tún gbé e sílẹ̀ ni."

Bóyá la lè rí oníbàárà kan tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu télọ̀ rí. Màdáàmù gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Òtútù ò tíì mú, kóòtù lè dúró," ló ní. "Wá jókòó, kó o sọ fún wa bí àbúrò rẹ ṣe máa ń gé e."

Télọ̀ gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé, ó sì lọ jókòó. Bàbá gbé ife tíì kan fún un.

"Kì í fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sáṣọ," ni télọ̀ wí. "Ojú lásán ló fi ń wọ̀n ọ́n, aláṣehàn yẹn!" Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbà á lẹ́nu ẹ̀rín, ó sì ń bá ìtàn àbúrò rẹ̀ lọ.