Ọkùnrin Tí Wọ́n So Kọ́ Lẹ́sẹ̀ Kan

Àṣejù baba àṣetẹ́, àmọ́ ta ni yóò sọ ìyẹn fún Oyinkọ́lá? Bámilóyè, ọ̀gá rẹ̀ tó ni ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, ti là á mọ́lẹ̀ kó tó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́: bí iṣẹ́ yìí bá jáde láìlábùkù, Oyinkọ́lá ni yóò máa darí ẹ̀rọ. Bó bá bàjẹ́, kó padà sídìí ìwé ìpè kíká, níbi tó ti pẹ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi le.

Káàdì tárọ̀ ni iṣẹ́ náà, èyí tí àwọn kan fi ń wo ohun tí ọ̀la gbé dání. Olúwafimíhàn, ọ̀dọ́bìnrin kan láti Bàrígà, ló ya àwọn àwòrán rẹ̀. Oyinkọ́lá kọ́kọ́ rò pé bíi káàdì eré wọ́ọ̀tì ni. Ó rí ìdílé mẹ́rin: ife, idà, ọ̀pá àti owó. Ìdílé kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti oókan dé ẹẹ́wàá, ó sì ní ọba, ayaba, ẹlẹ́ṣin àti ìránṣẹ́. Ìyẹn yé e. Àmọ́ méjìlélógún kù tí kò bá ẹnikẹ́ni tan: òmùgọ̀, òṣùpá, ikú fúnra rẹ̀ lórí ẹṣin. Orí rẹ̀ dàrú. Ó tún wá rí ọkùnrin kan tí wọ́n fi okùn so kọ́ lẹ́sẹ̀ kan, tó dorí kodò, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀ dúró ṣánṣán.

Nídìí ìtẹ̀wé, àwòrán tó bá dorí kodò, àṣìṣe ni. Oyinkọ́lá yí ọkùnrin náà lórí kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́, ó gé e, ó sì yin ara rẹ̀.

Ọ̀gá ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ tí Olúwafimíhàn wá gbẹ́rù.

“Aunty, ta ló dá ọkùnrin yìí dúró?”

“Èmi ni, ma. Ó dorí kodò ni.”

“Bó ṣe yẹ kó wà nìyẹn. Òun ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń fi ojú mìíràn wo ayé.”

“Nínú okùn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Tí káàdì náà bá wá jáde lódì lọ́wọ́ ẹni tó fà á, ìtumọ̀ ẹ̀ á yí padà.”

Kò yé Oyinkọ́lá rárá. Kí wá ni òdì ohun tó ti dorí kodò tẹ́lẹ̀?

“Kí ló dé tó ò béèrè?” Ọ̀gá ló sọ̀rọ̀.

“Ẹ má bínú, sà. Mo rí èèyàn tí wọ́n so kọ́. Mi ò mọ̀ pé wọn kì í tú u sílẹ̀.”

Olúwafimíhàn bẹ̀bẹ̀ fún un pé ẹyọ kan ṣoṣo náà ni. Ọ̀gá mi orí.

“Ẹni tó ń tún iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe láìbéèrè, lọ́la, orúkọ òkú ló máa tún ṣe nínú ìwé ìsìnkú.”

Oyinkọ́lá gbé kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ lé tábìlì, ó padà jókòó ti ìwé ìpè kíká. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an, kò sì mọ ẹni tí òun ì bá bínú sí.