Aago Tí Túnráyọ̀ Ń Wọlé

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹrin ọdún 1997, Túnráyọ̀ ìyàwó mi kú. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Bẹ́ẹ̀ ni dókítà kọ ọ́ sínú ìwé.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú. Ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò, ìyẹn ìnṣọ́ránsì, kan ní Dùgbẹ̀ ni Túnráyọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ di máníjà gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò kan. Nínú ìdánwò yìí, wọn á kọ ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ àti ẹ̀rí tó fi gbè é lẹ́sẹ̀, wọn á to ìdáhùn márùn-ún sábẹ́ rẹ̀, wọn á ní kí èèyàn mú èyí tó máa bi ọ̀rọ̀ náà wó jù lọ. Ọ̀gbẹ́ni Akóredé ló ń kọ́ wọn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ní yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Agbowó. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni. Mo béèrè ọjọ́ orí rẹ̀ kí n tó béèrè ohunkóhun mìíràn.

Nígbà tí a ń jẹun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Túnráyọ̀ ní, "Bàbá Jọlá, ẹ gbọ́ ọ̀kan. Ìlú kan fi ọlọ́pàá sí oríta. Lóṣù yẹn, ìjàǹbá ọkọ̀ dín kù níbẹ̀. Baálẹ̀ ní ọlọ́pàá ló dín in kù. Kí lẹ máa sọ tó máa bi ọ̀rọ̀ baálẹ̀ wó?"

"Irọ́ ló ń pa. Ìjàǹbá ò dín kù."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀hẹ́n! Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti kọ́kọ́ ń ṣubú. Ọ̀gbẹ́ni Akóredé ní a ò gbọ́dọ̀ bá ẹ̀rí jà. Ohun tí wọ́n bá ti fún wa, ká gbà á bẹ́ẹ̀. Àárín ẹ̀rí àti ìparí ọ̀rọ̀ ni ká wò, ohun tí ẹni náà ti gbà lọ́kàn tí kò sọ jáde. Tó bá jẹ́ pé kò sí epo bẹntiróòlù lóṣù yẹn ńkọ́? Mọ́tò ò jáde, kí ló fẹ́ kọlu ara wọn?"

"Ọ̀gbẹ́ni Akóredé ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀ bá rí bó ṣe ń ṣàlàyé ẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló dárúkọ ọkùnrin náà kí a tó kó àwo kúrò nílẹ̀. N kò jẹ ẹran mi.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe táìmù-kípà ní ilé-iṣẹ́ tó ń la títì. Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó sẹ́nu géètì, kí n kọ aago tí olúkúlùkù dé àti aago tó lọ. Aago ni mo fi mọ ọ̀lẹ. Aago náà ni mo fi mọ olè. Nítorí náà mo ra ìwé kan, mo fa ìlà sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ aago tí Túnráyọ̀ ń wọlé wa ní àdúgbò Challenge. Aago méjì ni ẹ̀kọ́ wọn ń parí. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ: aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Ọjọ́ kẹwàá: aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọjọ́ kẹtàdínlógún: aago márùn-ún, ọkọ̀ Akóredé ló gbé e wá.

Ọjọ́ yẹn ni mo fi ojú kàn án. Ó sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. "Ẹ kúùrọ̀lẹ́ sà, Bàbá wa. Mọ́mì ni wọ́n mọ̀ ọ́n jù nínú gbogbo wa o!"

Mọ́mì ló pè é. Mo sọ nínú ọkàn mi pé ọ̀nà tí irú wọn ń gbà wọlé nìyẹn. Nígbà tó ń lọ, eruku wà láyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, Túnráyọ̀ sì nawọ́ sí i pé kó gbọn ọ́n nù. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa ní Ìgbòho, ẹni tó bá ní ẹjọ́ ìyàwó rẹ̀, iwájú ẹbí ìyàwó ló ń kọ́kọ́ gbé e lọ. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹwàá, lẹ́yìn ìsìn, mo mú ìwé mi, mo mú Túnráyọ̀, a lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọlọ́runtóyìn, ní Ring Road. Díákónì ni. Mo ka Sátidé mẹ́tàlá fún un. Mo ní èmi ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, aago ló ń sọ̀rọ̀. Kí Túnráyọ̀ fi ẹ̀kọ́ àti ìdánwò náà sílẹ̀.

Ọlọ́runtóyìn gba ìwé náà wò. "Àna mi, ẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹ ò sì tíì kúrò lẹ́nu géètì?"

Túnráyọ̀ kúnlẹ̀. "Bọ̀dá mi, gbogbo aago tí wọ́n kà, òótọ́ ni. N kò jiyàn ọ̀kan." Ó yíjú sí mi. "Bàbá Jọlá, kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, Sátidé wo lẹ kọ aago mi?"

"Kò sí."

"Ọjọ́ tí mo bá lọ ra èlùbọ́ ní Bódìjà, aago mélòó ni mo ń dé?"

Mo ṣí ìwé mi padà sẹ́yìn.

"Ẹ ò mọ̀. Kí lẹ wá fi mẹ́tàlá yìí wé? Láti Agbowó dé ọ̀dọ̀ wa, takisí mẹ́ta ni mo ń wọ̀, epo sì wọ́n. Àwa mẹ́jọ la jọ ń kọ́ ẹ̀kọ́, gbogbo wa là ń pẹ́ délé. Ṣé gbogbo wa la jọ ń fẹ́ Akóredé ni? Títí kan Alhaji tó ti lé ní àádọ́ta ọdún?"

Ìyàwó Ọlọ́runtóyìn bú sẹ́rìn-ín ní ilé ìdáná. Ọlọ́runtóyìn fọwọ́ bo ẹnu.

"Àna mi, ọ̀rọ̀ yín ò lẹ́sẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kó lọ ṣe ìdánwò ẹ̀."

"Rárá, Bọ̀dá mi," Túnráyọ̀ wí. "Ọkọ mi ni wọ́n. Tí wọn ò bá fi ẹnu ara wọn sọ pé kí n máa lọ, n kò ní lọ."

Ó yẹ kí inú mi dùn sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ nínú pálọ̀ yẹn ni ẹ̀kọ́ ọkùnrin mìíràn lẹ́nu ìyàwó mi. Ọdún mẹ́rìnlélógún la ti wà pọ̀, n kò kọ́ ọ ní ohun kan rí tó mú ojú rẹ̀ tàn bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kọkànlá ni ìdánwò, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Nígbà tó fi máa di aago méje, ó ti múra, ó ti wọ bàtà, ó jókòó kọjú sí mi pẹ̀lú báàgì lórí itan.

"Bàbá Jọlá, mo ti ṣe tán."

Mo ń ka ìwé ìròyìn. Aago mẹ́jọ lù.

"Ẹ ṣáà sọ ọ̀rọ̀ kan, sà."

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. "Máa lọ," kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo rí Akóredé lọ́kàn mi, tó dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, tó ń rẹ́rìn-ín, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án lù, Túnráyọ̀ bọ́ bàtà.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ó wí, ó sì wọ ilé ìdáná lọ. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan mọ́ nídìí oúnjẹ.

Akóredé wá síbi ìsìnkú. Ó sunkún kí èmi tó sunkún. Mo jowú omi ojú rẹ̀ pàápàá.

Kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn mí. Èmi ni mo ń pe ara mi lẹ́jọ́: mo dá a dúró ní oṣù kọkànlá, ó kú ní oṣù kẹrin, nítorí náà èmi ni mo pa á. Mo sì mọ bí a ṣe ń bi irú ọ̀rọ̀ yìí wó. N kì í bá ẹ̀rí jà. Àrùn kan náà ló pa ìyá rẹ̀. Ó ti ń lo oògùn láti ọdún 1990. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò ṣe ìdánwò tí wọ́n ṣì wà láàyè. Ọ̀rọ̀ náà ń wó lójoojúmọ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́, màá tún bá a lórí ìdúró.

Jọlá ọmọ wa ní kí n kọ ohun tí ìyá òun fi sílẹ̀, kí a lè pín in. Mo kọ ọ́:

Aṣọ òkè méjì.
Aṣọ iṣẹ́ mẹ́fà, ọ̀kan kò ní bọ́tìnnì.
Awò ojú kan, a fi òwú so apá òsì rẹ̀.
Bíbélì àti ìwé orin.
Oògùn, ó ku mọ́kànlá.
Fọ́ọ̀mù ìdánwò ti ọdún 1997. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ kún un tán. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ló kọ sí i.
Agbòòrùn kan.
Ìkòkò irin mẹ́ta, ńlá kan, kékeré méjì.
Gààrí, ìdajì garawa.