Kọ́kọ́rọ́ Kẹta

Ọdún méjì gbáko ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi retí géèmù kan. Àwọn tó ń ṣe é sọ ọ́ ní Ìlú Tí Kò Gbàgbé. Fídíò ìpolówó rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n a ti wò ó débi pé a lè fẹnu sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, títí kan ìró afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ìlú gbalasa ni. Kò sí òkè tí o rí tí o kò lè gùn, kò sí ilẹ̀kùn tí o rí tí o kò lè ṣí. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé gbogbo ohun tí o bá ṣe níbẹ̀ ni àwọn ará ìlú náà máa rántí. Bí o bá jí ẹṣin lónìí, ọmọ ẹlẹ́ṣin á dá ọ mọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Kò sì sí pé o pa géèmù náà, o tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹyin tó fọ́ ti fọ́ nìyẹn.

Níparí fídíò náà, ìyá arúgbó kan sùn lórí àga lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Oògùn wà nínú ilé. Ọmọ kan ń ṣàìsàn ní ìsàlẹ̀ odò. Wáyà tí wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn wà lọ́wọ́ rẹ. Ṣé wàá ṣí i ni, àbí wàá jí ìyá? Ibẹ̀ ni fídíò parí sí, ibẹ̀ sì ni ìjà tiwa ti bẹ̀rẹ̀.

"Màá jí wọn," ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń wí. Nọ́ọ̀sì ni, kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ ara rẹ̀ mú oògùn. "Màá kí wọn dáadáa, màá ṣàlàyé."

"Ọmọ á ti kú kí ẹ tó kí wọn tán. Èmi á ṣí i. Ilẹ̀kùn ṣíṣí ṣáà niṣẹ́ ìdílé wa."

"Iṣẹ́ ìdílé kọ́ nìyẹn. Olè ni. Ìwọ nìkan lò ń dá a ṣe."

"Ẹ rọra o, Màmá Ìwà, kí adé má lọ ṣí bọ́ lórí yín."

Orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn, Màmá Ìwà. Òun náà ń pè mí ní Alálàá, nítorí mo lè máa wo ojú fèrèsé títí omi á fi gbẹ lórí iná. Àdéhùn wa ni pé wákàtí àkọ́kọ́ nínú géèmù náà, a jọ máa ṣe é ni. Òun á di páàdì tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ mú, èmi á máa pariwo. Tó bá dé ìlàjì, a ó pààrọ̀.

Àfi bí lẹ́tà ṣe dé láti ilé ìwòsàn kan tó jìnnà réré. Wọ́n ti gbà á síṣẹ́, àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló gbọ́dọ̀ gbéra. Ọjọ́ Ẹtì ni géèmù máa jáde. Ọjọ́ kan péré!

"Géèmù lásán ni," ló wí, ó sì ń ká aṣọ rẹ̀ sínú àpótí. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, fídíò ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn ló sì ń wò, láìgbé ohùn rẹ̀ sókè.

Bàbá wa ló ń gé kọ́kọ́rọ́. Ìsọ̀ tóóró kan ni, ara ògiri rẹ̀ kún fún kọ́kọ́rọ́ tí kò tíì ní eyín. Bí ẹnìkan bá ṣílẹ̀kùn wọlé, gbogbo wọn á mì jìgìjìgì. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òfin méjì péré ni wọ́n fún mi. Èkínní, má bi oníbàárà ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀. Èkejì, kọ́kọ́rọ́ tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, fi ẹ̀mú gé e sí méjì lójú ẹni tó ni ín, kó fojú ara rẹ̀ rí i.

"Kọ́kọ́rọ́ tó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ agékọ́kọ́rọ́," ni Bàbá máa ń wí, "ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá lọ tún ilẹ̀kùn ilé ìwé kan ṣe, èmi nìkan ló wà ní ìsọ̀. Ni gbogbo kọ́kọ́rọ́ bá mì. Onígéèmù ló wọlé, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tajà ní ilé ìtajà géèmù tó wà ní òpópónà kejì. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

"Ẹ bá mi gé ọ̀kan sí i, arábìnrin. Ti yàrá ẹ̀yìn ni. Ọ̀gá wa gba ẹni tuntun síṣẹ́, ó ní kónítọ̀hún ní tiẹ̀."

"Kí ló wà ní yàrá ẹ̀yìn?" Òfin àkọ́kọ́ ti lọ nìyẹn.

Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́. "Wọ́n dé láàárọ̀ yìí. Páálí mọ́kànlá! Ìlú Tí Kò Gbàgbé. Wọ́n lẹ̀ wọ́n pa yíká. Bí mo bá fi èékánná lásán kàn án ṣáájú ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn."

Ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ gba bàtà òun lọ́wọ́ ẹni tó ń bá òun tún un ṣe. Mo tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ń ké, eruku idẹ ń fò, ọkàn mi ti gun òkè àkọ́kọ́ nínú fídíò, ó ti ń wo odò nísàlẹ̀. Nígbà tí mo gbé kọ́kọ́rọ́ wò, mo rí ohun kan tó wú lára eyín kẹta. Ó bàjẹ́ nìyẹn. Mo jù ú sínú àpò épúrọ̀nù mi, pé tí Onígéèmù bá dé, màá gé e lójú rẹ̀. Mo gé òmíràn, mo sì fara balẹ̀ gé e. Ó dé, ó gba méjèèjì, ó lọ. Épúrọ̀nù wà lọ́rùn mi, àpò wà lára épúrọ̀nù, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò sí nílé.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó fọ épúrọ̀nù náà. Nǹkan kan ró kín-ín nínú bàsíà. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń wá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kiri ló yọ ọ́ jáde.

"Kí nìyí?"

"Kọ́kọ́rọ́ tó bàjẹ́." Mo gbé e sójú iná. Omi ti fọ ojú rẹ̀. Eyín kẹta mọ́ tónítóní. Eruku idẹ ló lẹ̀ mọ́ ọn tí mo pè ní wíwú. "Hẹn-ẹn. Kò bàjẹ́."

"Ti ibo ni?"

Ó yẹ kí n ní mi ò mọ̀. Mo sọ ọ́ tán porogodo, páálí mọ́kànlá pẹ̀lú.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lórí àpótí aṣọ rẹ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́ náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Aago kan ọ̀sán ni wọ́n ń ti ilé ìtajà yẹn fún oúnjẹ," ló wí, jẹ́jẹ́.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi!"

"A ò jí i. A yá a ni. A ṣe wákàtí tiwa, a dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Páálí tí wọ́n lẹ̀ pa ńkọ́?"

"Ọgbẹ́ èèyàn ni mò ń dì lójoojúmọ́. Ṣé páálí ni mi ò ní lè dì?"

"Màmá Ìwà dà?"

"Màmá Ìwà ń rìnrìn àjò lọ́jọ́bọ̀," ló dáhùn, ohùn rẹ̀ sì yí padà díẹ̀. "Ọdún méjì, Alálàá. Wákàtí kan péré ni mo fẹ́."

Mo gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà ló ti ń fọ́nnu láti ọdún méjì pé màá ṣí gbogbo ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́rú, nígbà tí aago kan kọjá díẹ̀, a dúró sẹ́yìn ilé ìtajà náà. Páìpù kan ń kán tó-tó-tó. Kẹ̀kẹ́ kan tí kò ní ẹsẹ̀ iwájú fara ti ògiri. Ilẹ̀kùn náà jẹ́ àwọ̀ ewé, ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó.

"Ó yá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Mi ò ní parọ́: kì í ṣe ọ̀rọ̀ géèmù ló kọ́kọ́ mú mi ki kọ́kọ́rọ́ náà bọ ihò. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa ṣiṣẹ́ ni. Ó sì yí wẹ́rẹ́ bí ẹja nínú omi. Orí mi wú. Ilẹ̀kùn ṣí níwọ̀n ìka kan, òórùn páálí tuntun fẹ́ sí wa lójú, mo sì rí igun páálí kan tí wọ́n ya òkè yẹn sí. Òkè wa gan-an.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ẹni tuntun. N kò mọ̀ ọ́n rí, n kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí i pé ẹnìkan ti tú páálí, ta ni wọ́n máa dì mú? Ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ lánàá ni, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀.

Mo fa ilẹ̀kùn padé.

"Kí ló dé?"

"Ẹni tuntun," ni mo wí. Kí n tó ṣàlàyé, Onígéèmù yọ ní igun ògiri, búrẹ́dì ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Háà, ẹ̀yin nìyí?"

Ẹnu ẹ̀gbọ́n mi yọ̀ bí ẹni tó fi òróró fọ ọ́. "Ẹ kú ọ̀sán o! Kọ́kọ́rọ́ la wá dán wò. Ìsọ̀ wa kì í gé kọ́kọ́rọ́ fún èèyàn kó má tọpinpin rẹ̀."

Ojú ọkùnrin náà tàn. "Ẹ ò rí i! Ẹ ò rí iṣẹ́ ọmọlúàbí! Màá ròyìn yín fún gbogbo ayé. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni." Ó sì ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ṣe lóore.

Ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ká kàn yíjú padà, ká máa lọ, pẹ̀lú ìyìn àti kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń fà mí lápá. Etí mi sì ń gbóná bí ẹni tó ń yáná.

"Ẹ dúró," ni mo wí. "Ẹ̀kẹta ni èyí. Mo rò pé ó bàjẹ́, mo sì gbàgbé láti gé e lójú yín. A ò wá dán nǹkan kan wò. Géèmù la wá mú."

Búrẹ́dì dúró ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bí ẹni tó ń wo aláìsàn tó ń sá jáde ní ilé ìwòsàn.

Ọ̀dọ̀ Bàbá ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà lọ. Bàbá gbọ́ ọ láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, wọ́n na ẹ̀mú sí mi.

"Gé e."

Mo gé e. Ìdá méjèèjì bọ́ sórí tábìlì, kín-ín, kín-ín.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ má bínú," ni Bàbá wí fún Onígéèmù. "Lọ́jọ́ Ẹtì, màá wá bá yín pààrọ̀ gbogbo nǹkan ara ilẹ̀kùn yẹn, ọ̀fẹ́ ni. Òun ló máa gbé àpótí irinṣẹ́." Wọ́n kọjú sí mi. "Oṣù kan. O ò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ìgbálẹ̀ ni tìẹ. Gbogbo eruku idẹ tó o pè ní wíwú yẹn, wàá gbá a títí wàá fi dá a mọ̀." Wọ́n wá wo ẹ̀gbọ́n mi. "Ìwọ onípáálí, tó o bá dé ibi iṣẹ́, èèyàn ni kí o máa dì o."

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo bá a gbé àpótí dé ìdí bọ́ọ̀sì. Ó ń yára rìn lọ níwájú mi. Nígbà tó fẹ́ wọlé, ó yíjú.

"O bà á jẹ́."

"Mo mọ̀. Ẹ má bínú."

"Wákàtí kan péré, Alálàá."

Ó wọlé. Mo rò pé ìbínú ló máa bá lọ. Àfi bí bọ́ọ̀sì ṣe ń lọ, tí mo rí i lójú fèrèsé, tó yọ ahọ́n sí mi bí ọmọ ọdún mẹ́fà.

Bí ọjọ́ Ẹtì tí mo ti ń lálàá rẹ̀ fún ọdún méjì ṣe rí nìyí: mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn ilé ìtajà náà, mò ń tan tọ́ọ̀ṣì fún Bàbá, wọ́n ń tú ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Mò ń gbọ́ ariwo àwọn èèyàn níwájú, tí wọ́n ń gba géèmù wọn tí wọ́n ń hó yè. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ ìgò ojú ńlá bu omi wá fún wa, ó ní ọjọ́ kẹta òun níbi iṣẹ́ nìyẹn. Nígbà tí Bàbá na kọ́kọ́rọ́ tuntun sí i, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo gbé ojú kúrò.

Onígéèmù fúnra rẹ̀ ló gbé tiwa wá. "Mo fi ọ̀kan pamọ́ fún yín, torí ó ti tán níwájú." Mo fẹ́ dúpẹ́, ó gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ má rò pé mo ti gbàgbé o. Èmi náà kì í gbàgbé."

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń sinmi níbi iṣẹ́. Mo gbé fóònù ti ife tíì, mo kọ ojú rẹ̀ sí tẹlifísàn.

"Ṣé ẹ rí i dáadáa?"

"Gbé e sápá òsì. Etí ife ni mò ń wò."

Afẹ́fẹ́ yẹn fẹ́. Òkè yọ. A pariwo, òun lọ́hùn-ún, èmi níhìn-ín. A gun òkè, a ṣubú sódò, a bá ewúrẹ́ kan jà, ewúrẹ́ na wá. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wákàtí pé, a dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó lórí àga. Ọmọ ń ṣàìsàn nísàlẹ̀ odò. Wáyà wà lọ́wọ́ mi.

"Ṣí i!" ni ẹ̀gbọ́n mi ké.

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ máa kí wọn?"

"A ti ṣe ọmọlúàbí lójú ayé, ó tó gẹ́ẹ́! Níbí, jẹ́ ká jalè. Ṣí i, jọ̀ọ́!"

Ìka mi wà lórí páàdì. Mo ranjú mọ́ ilẹ̀kùn náà, bẹ́ẹ̀ ni páìpù kan ń kán tó-tó-tó lọ́kàn mi. Mo tẹ bọ́tìnnì kejì. Mo jí ìyá.

Ìyá lajú, wọ́n sì bú mi láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n bú bàtà mi, wọ́n bú irun mi, wọ́n ní ta ló kọ́ mi láti máa jí àgbàlagbà. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí mo fi gbọ́ tí ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń bi í pé kí ló dé. Nígbà tí èébú tán, ìyá ní àwọn á fún mi ní oògùn náà, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ kan fún wọn.

Wọ́n na ìgbálẹ̀ sí mi. Àgbàlá wọn kún fún ewé gbígbẹ títí dé ojú odò.

"Gbá a, àbúrò mi," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè mí dáadáa. "Ó ti mọ́ ẹ lára."